Sójà Tí O Kò Jẹ́ Kó Kú

Ìyá Ìwé, aya mi, ọdún kẹrin tún pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ní bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọgbẹ́ a máa jinná. Irọ́ ni! Ọjọ́ ń gorí ọjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún ọgbẹ́ tèmi.

Àkọ́bí wa ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fún gbogbo àdúgbò, kò sí òrùlé tó ga jù fún un, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ga jù mí lọ. Bó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, àfi kó tẹrí ba. O ò rí i! Fèrèsé ńlá tí o ní kí n ṣe sí yàrá wa, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí ìwé rẹ, mo ti parí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé yàà, kò sí ẹni tó ń kàwé níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù bàtà wa kò tíì kógbá sílé. Mo ṣì ń rán, mo ṣì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ, mo ṣì ń kan gìgísẹ̀ mọ́ bàtà. Àga rẹ wà níbi tó wà. Ohùn rẹ nìkan ni kò sí.

Ohùn yẹn! Ọwọ́ mi kì í dilẹ̀ láti ṣí ìwé, nítorí náà ìwọ lo máa ń kà á sí mi létí. Ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ lo yàn láàyò: àwọn ọmọ ọba tó ń gẹṣin, àwọn obìnrin tí aṣọ wọn ń gbálẹ̀, àwọn lẹ́tà tó ń pẹ́ lọ́nà. Wàá máa kà, wàá sì máa bá wọn jà. Bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ gba òrùka lọ́wọ́ ọ̀dàlẹ̀, wàá pòṣé, wàá ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí i pé oníjìbìtì ni?" Ìgbà kan o ju ìwé mọ́lẹ̀ lójú oníbàárà nítorí ìyá ọkọ kan tó ń fìyà jẹ ìyàwó ilé. Oníbàárà náà rò pé òun lò ń bú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì! Àwọn ìwé mìíràn náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ka ìwé kan nípa oyin sísìn, o ní àwọn oyin fẹ́ràn ara wọn ju àwọn ìbátan mi lọ. O ka ìtàn ìgbésí ayé olóṣèlú kan, oorun gbé ọ lọ lójú ewé kejì, nígbà tí o jí, o ní ó dájú pé ìyàwó ọkùnrin yìí kì í dá a lóhùn mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti sójà àti ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì. Sójà lọ sógun ọba, ọmọbìnrin ń dúró dè é. Bí o ṣe kà á fún mi, sójà padà dé láàárọ̀ kùtù, ó ń tiro, ó wọ ilé búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n ta ẹyọ kan fún òun. Ọmọbìnrin kò dá a mọ̀ títí ó fi rẹ́rìn-ín. Ìtiro yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Mo máa ń rò ó bí ǹ bá ṣe ṣe bàtà fún un, gìgísẹ̀ ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, awọ rẹ̀ á rọ̀. Ìwọ á ní, "Bàbá wọn, ẹ ò tíì wọn ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ ti ń gé awọ!"

Ṣé o rántí ìyá tíṣà tó yá ìwé náà lọ́wọ́ rẹ? Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ní ikú sójà náà dun àwọn gan-an. Ikú kẹ̀! Mo ní wọn kò kà á dáadáa, kí wọ́n lọ pààrọ̀ awò ojú wọn. A fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gbàgbé bàtà tí wọ́n wá gbà. Ìwọ tẹrí ba, èjìká rẹ ń gbọ̀n. O ní, "Kálukú ló ń fi ojú ara ẹ̀ kàwé." Mo rò pé ẹ̀yìn mi lo wà.

Lọ́dún tó kọjá, òjò dá àkọ́bí wa dúró sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó bá mi ka ìwé náà. Ó kà á dé ibi ogun, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá mi, sójà yìí ti kú o." Mo ní kó ṣí iwájú, ó ń bọ̀. Ó ṣí iwájú. Kò bọ̀! Kò sí ìtiro, kò sí ẹ̀rín, kò sí búrẹ́dì àárọ̀ kùtù. Ọmọbìnrin náà darúgbó síbi tó ti ń dúró. A mú ìwé mìíràn, bákan náà ni. Àwọn tí o ní wọ́n ṣègbéyàwó, omi òkun ló gbé wọn. Àwọn ọmọ tí o ní ara wọn yá, ara wọn kò yá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni n kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú sétí. Gbogbo òkú inú ìwé lo jí dìde nítorí mi!

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ bẹ ìyá tíṣà nílé wọn, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Bí mo ti ń bọ̀ lọ́nà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ilé ìwòsàn ló sọ sí mi lọ́kàn. O ní, "Bàbá wọn, ara mi ti ń yá. Jímọ̀ ni wọ́n máa dá mi sílẹ̀. Ẹ lọ parí bàtà oníbàárà." Ohùn tí o fi ń kàwé lo fi sọ ọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́, mo lọ. Ìdí bàtà ni mo wà nígbà tí wọ́n wá pè mí. Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ ìyá tíṣà délé, mo bi àkọ́bí wa, ó sì bú sẹ́kún. Dókítà ti sọ òótọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì, o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún mi.

Mo bínú sí ọ. Mo bínú gan-an! Ṣé ọmọdé ni mí? Ǹ bá jókòó tì ọ́. Ǹ bá di ọwọ́ rẹ mú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn, n kò lè rí i gbà padà mọ́ láyé.

Nítorí náà, lónìí tí à ń rántí rẹ, a ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí àkọ́bí wa ka ikú sójà náà fún mi, kó má fo nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àpótí. Àkọ́bí wa ń kà, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. N kò di etí. N kò dìde. N kò mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo jókòó ti sójà náà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, mo sì sun ẹkún rẹ níbẹ̀.

Àárò rẹ ń sọ wá, aya mi. Àárò rẹ ń sọ wá! A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí. Sùn re o. N kò bínú mọ́.

Ọkọ rẹ, àti àwọn ọmọ rẹ méjèèjì.