Èmi Ni Kò Jẹ́ Kí Ìyá Ọkọ Mi Rí Ikú Kú

Ádímínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, nítorí gbogbo Fìdítì ló mọ̀ mí sí ìyàwó rere. Èmi kì í ṣe ìyàwó rere o. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kú, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n kú, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn wọn... mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́, kí wọ́n lè jìyà dáadáa ni.

Ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bú mi. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá tó bí mi ní Ìlọrà, dókítà ní tí a bá tètè gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ṣì máa lo ọdún mélòó kan sí i. Ọkọ mi ti gbà, ó ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe jókòó sáàárín pálọ̀ tí wọ́n ní kí la fẹ́ fi arúgbó ṣe? Ẹni tó ti rí ọmọ ọmọ, kí ló tún ń wá láyé? Wọ́n ní ká fi ìyá mi sílé, kí wọ́n fọwọ́ rọrí kú. Ọkọ mi ò lè já ìyá rẹ̀ ní koro. Ìyá mi ń wò mí, wọ́n ń retí mọ́tò tí mo ti sọ fún wọn pé ó ń bọ̀... mọ́tò yẹn ni wọ́n retí títí wọ́n fi kú. Ìyá ọkọ mi wá síbi ìsìnkú, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní kí n yé sunkún, pé òkú àgbà ni. Òkú àgbà! Ṣé àgbà kì í ṣe èèyàn ni?

Ọlọ́run ò sùn. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kan náà gbé Màmá, ìyá ọkọ mi, ṣánlẹ̀. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, oúnjẹ ò gba ọ̀fun wọn, ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kí àìsàn tó dé, wọ́n máa ń sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé tí ọjọ́ àwọn bá pé, kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan bọ àwọn nímú, kí a jẹ́ kí àwọn lọ bá Olúwa àwọn. Gbogbo ọmọ wọn ló gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kí aráyé sọ pé òun ló pa ìyá òun. Ni wọ́n bá kọjú sí èmi tí mò ń gbé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo ní háà, ẹ̀mí kì í ṣe nǹkan ìṣeré, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú. Bí rọ́bà ṣe wọ imú Màmá nìyẹn. Ibẹ̀ ni mò ń gbà rọ ògì àti mílíìkì sí wọn nínú. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń yí wọn padà, kò sí egbò kankan lára wọn.

Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí wọn, bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Nígbà náà, Màmá ló ń ṣàdúrà sí mi lórí. Ní báyìí tí wọn ò lè sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń ṣe é. Mo máa gbẹ́nu sétí wọn, mo máa ní ẹ ó pẹ́ láyé, Màmá... ẹ ó pẹ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ yín lọ. Omi á sì máa bọ́ lójú wọn. Wọ́n mọ̀! Wọ́n mọ ohun tí mò ń ṣe! Wọ́n fọwọ́ òsì fa rọ́bà yẹn yọ, mo dá a padà. Wọ́n tún fà á, mo fi ìborùn so ọwọ́ náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìborùn ìyá mi ni. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wá pè mí síwájú, wọ́n fún mi lẹ́bùn, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó kékeré máa fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ báyìí. Dókítà ní rọ́bà imú ti pẹ́ jù, ká yan ọ̀kan... bóyá kí wọ́n lu ikùn Màmá kí wọ́n fi òmíràn síbẹ̀, tí wọ́n á fi tún lo ọdún púpọ̀ sí i, tàbí ká yọ ọ́, ká jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Lọ́la ni gbogbo ọmọ máa pé jọ, àkọ́bí wọn sì ti sọ pé ohun tí mo bá wí labẹ gé. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ wí o. Kí wọ́n lu ikùn ni.

Àfi bí ọmọbìnrin mi tó ń ṣe tíṣà l'Ọ́yọ̀ọ́ ṣe wọlé lánàá, tó bá mi níbi tí mo ti ń so ọwọ́ Màmá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Mo rò pé àṣírí mi ti tú. Ó dì mọ́ mi, ó ní bí mo ṣe ń ṣe Màmá yìí gẹ́lẹ́ lòun náà máa ṣe mí tí ọjọ́ ogbó mi bá dé, pé òun ò ní jẹ́ kí n kú láéláé. Ó fi Ọlọ́run búra. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní àmín. Ni mo bá bojú wo orí bẹ́ẹ̀dì... Màmá ń wò mí. Látìgbà tí wọ́n ti ṣubú, mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì wọ́n o, ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Tí mo bá ní kí wọ́n yọ rọ́bà yẹn, Màmá ti sinmi nìyẹn, ta ló wá máa bá mi gbẹ̀san ìyá mi? Tí mo bá sì ní kí wọ́n lu ikùn... ọmọ mi ń wò mí, ó ń kọ́ ọ. Ọ̀la ni ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?