Àlàfo Tí Mo Kọ́kọ́ Rí Kì Í Ṣe Òótọ́, Ìyá Mi

Ìyá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí n tó mú bírò. Bùrọ̀dá mi Mùsílíù, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tíṣà ní Èrúwà tí ẹ sì máa ń wá ka lẹ́tà mi sí Ìyá létí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Igbó-Ọrà lọ́mọdé lágbà.

Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ni ẹ kò fi gbúròó mi. Bùrọ̀dá kọ̀wé pé àwọn kan ní mo ti fẹ́ òyìnbó, àwọn kan ní àìsàn ló dá mi dùbúlẹ̀, pé ìyá kan ládùúgbò tilẹ̀ wá bá yín jókòó bí ẹni wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú ìwé ìròyìn yìí pé kó bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo ẹni tó ti béèrè mi lọ́wọ́ yín lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara mi le. Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ti yọrí. Láti ọdún tí a pa pọ́n-ùn tì tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà, tí mo kúrò nílé, àyà mi kò tíì balẹ̀ tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ sí yín tẹ́lẹ̀ ló ṣe yọrí. Ọ̀rọ̀ ìtìjú wà níbẹ̀, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ìlú tí mo wà kéré, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kò kéré. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí màá bá a níbí nìyí. Ẹ̀yin a máa ráhùn pé ọyẹ́ pọ̀ jù nílé. Níbí, omi inú garawa a máa dì gbagidi bí òkúta. Yàrá mi wà lókè ilé opó kan tó máa ń kí mi láàárọ̀, tí kì í tún bá mi sọ nǹkan mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Bí ààwẹ̀ bá dé, èmi nìkan ni mo ń fi búrẹ́dì àti tíì ṣínu. Iléyá kan tilẹ̀ kọjá tí n kò mọ̀, àfìgbà tí lẹ́tà Bùrọ̀dá dé. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá dojú rú mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò rò ó fún.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí gan-an ni mò ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gúsí ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ̀yin nìkan bá jókòó tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí, wóró kan á bọ́ sínú abọ́, ẹ ó mú òmíràn, ẹ ó bó o, kí òun náà tó bọ́. Méjì kò lè bọ́ pọ̀, nítorí ọwọ́ ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n bí obìnrin mẹ́wàá bá yí abọ́ kan náà ká, wóró méjì, wóró mẹ́ta lè bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, tó ń gbọ́ ìró wóró nìkan, lè fi etí mọ̀ bóyá ẹnì kan ló ń bó o tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìmọ́lẹ̀ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ní wóró wóró ló ń wá. Irin rírọ̀ kan wà nínú iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀. A ó yọ ọ́, a ó gbé e sínú ààrò kékeré, oru rẹ̀ á máa gba ojú ihò kan tó tín-ínrín jáde. Iná líle kan tí wọ́n ń pè ní lésà ni a ń tàn sí oru náà. Èérún irin tí ojú kò lè rí á gbé ìmọ́lẹ̀ mì, á tún tu ú jáde. Ohun tí a ń wá ni pé: ṣé èérún kan ṣoṣo lè tu wóró ìmọ́lẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bí kò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé wóró ni ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ojú ẹ̀rọ méjì ló ń ṣọ́ ọ fún wa, aago kan sì ń ka àkókò tó wà láàárín wóró tí ojú kìíní rí àti èyí tí ojú kejì rí, ó ń fà á ní ìlà sórí ìwé. Bí wóró méjì kì í bá wá pọ̀, àlàfo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, níbi tí àkókò àárín wọn ti kéré jù.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí àlàfo náà. Ọ̀gá mi, òyìnbó gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì sáré wá. Ó ní òun yóò lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní orílẹ̀-èdè mìíràn lóṣù mẹ́ta sí i. Èmi náà kò lè pa ẹnu mọ́, mo kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin gbà á, ẹ pe àwọn ààfáà, ẹ pa àgbò, ẹ ṣe sàráà. Bùrọ̀dá kọ ọ́ sí mi bí ẹ ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé ọmọ yín ti rí ohun tí ojú kì í rí.

Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yẹn tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni nǹkan bàjẹ́. Mo fẹ́ mọ bí ìlà ìmọ́lẹ̀ lásán yóò ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ẹ̀rọ méjèèjì. Èérún tó wà nínú gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kò lóǹkà, bí àwọn obìnrin mẹ́wàá yẹn ni wọ́n rí. Kò yẹ kí àlàfo kankan wà níbẹ̀. Àlàfo náà yọ sí mi. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Kì í ṣe inú ìmọ́lẹ̀ ni àlàfo wa wà, inú aago ni.

Mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ àpò kóòtù mi bí olè. Odindi ọjọ́ méjì, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀gá á lọ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi á gba oyè mi, màá wá sílé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjọba tó rán mi níwèé ti ní ọdún náà ni òpin, ọwọ́ òfìfo ni màá fi padà. Àgbò yẹn sì ti wọ ikùn àwọn ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá Bàbá Tọ́máàsì, àgbàlagbà tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú aago náà palẹ̀, ó ní aago náà kì í tètè jí: bí ìró tí ojú ẹ̀rọ kejì rán sí i bá tẹ̀ lé ti ìkíní kíákíá jù, kò tíì ṣe tán láti kà á, á sọ ọ́ nù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún Ọ̀gá. Ó mi orí. Ó ní àtúnṣe wà lọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi.

Mo wọlé tọ Ọ̀gá. Mo tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì rẹ̀, mo ní ọ̀kan jẹ́ ti lésà, ọ̀kan jẹ́ ti tọ́ọ̀ṣì, kó bá mi mú ti lésà níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní òun kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo ní ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ó kọjú sí fèrèsé, ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń retí rẹ̀ pé òun kò wá mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, orí nìkan ló fi ń kí mi.

Ìgbà náà ni lẹ́tà mi dáwọ́ dúró. Ìyá, ẹ dárí jì mí. Nígbàkúùgbà tí mo bá mú bírò, ojú yín ni mo ń rí láàárín àwọn tó wá jẹ sàráà. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni mo fi mú yín pa àgbò, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ lé e lórí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìjọba dé. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn ti fi ọdún kan kún un fún mi, bí ọ̀gá mi ṣe bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ òun yìí rí àṣìṣe tí òun fúnra òun kò rí, pé kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé láìparí iṣẹ́. Kò sọ ọ́ sí mi létí rí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Opó onílé mi jáde wá, ó gbé tíì fún mi, ọjọ́ náà ló sì kọ́kọ́ bi mí pé kí ni orúkọ ìyá mi.

A bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bàbá Tọ́máàsì so wáyà gígùn mọ́ ojú ẹ̀rọ kejì, kí ìró tirẹ̀ máa rin ọ̀nà jíjìn, kí aago ti jí dáadáa kó tó gbọ́ ọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí ó yẹ kí wóró méjì ti dé pọ̀ kò ní í jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mọ́, àárín ìlà ni àlàfo òtítọ́ yóò bọ́ sí. Èmi dín oru irin náà kù, títí ó fi jẹ́ pé èérún kan péré ló ń kọjá níwájú iná lẹ́ẹ̀kan. Wóró ìmọ́lẹ̀ wá ṣọ̀wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kó o jọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àwọn olóko ti wú u kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, mo rí i: àlàfo láàárín ìlà, ó jìn bí kòtò. N kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, ìlà tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi wáyà tó tún gùn sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlàfo náà sún, ibi tí wáyà ní kó lọ ló lọ. Ìgbà náà ni mo tó lọ pe Ọ̀gá. Ó ní òun fúnra òun ni yóò di tọ́ọ̀ṣì náà mú. Ìlà tẹ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó ní lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé méjì wá, òun kórìíra mi fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan, nítorí ó wu òun kí òun má mọ̀. Ó ní kí n má bínú. Mo dúpẹ́ lẹ́tà tó kọ sí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Nítorí náà, Ìyá, ẹ bá mi sọ fún gbogbo ẹni tó jẹ nínú àgbò yẹn pé àdúrà wọn ṣáájú iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bá a.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé bi mí ní ìbéèrè fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n ní mo yege. Iṣẹ́ náà yóò jáde nínú ìwé wọn, orúkọ mi ni yóò sì ṣáájú. Ọ̀gá bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, nítorí Sìdí lásán ni gbogbo wọn ń pè mí níbí. Mo rántí Bàbá wa tó ti jáde láyé, tó máa ń ti ìka bọ tàdáwà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ síwèé. Mo gba bírò lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo kọ orúkọ Bàbá tẹ̀ lé tèmi, n kò dín ọ̀kan kù: Sìdíkátù Làmídì Àjàní. Ọ̀gá ní ó gùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń rọ̀, ẹ máa retí mi. Ọlọ́run Ọba yóò jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á le, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó Bùrọ̀dá àti àwọn ọmọ, ẹ kí àwọn ààfáà wa, ẹ sì kí ìyá tó wá bá yín kẹ́dùn, ẹ ní mo wà láàyè.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sìdíkátù