Idà Tí Kò Kàn Mí

Ìyá mi Alhaja,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le níhìn-ín l'Ókè Ọya, oúnjẹ bárékè náà ò burú. Ẹ bá mi yọ̀: mo gba fàdákà nínú ìdíje eré idà àwa ọmọ ogun, wọ́n sì ti sọ mí di Méjọ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá mi, ló gba wúrà. Ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun náà ló ń buwọ́ lu ìwé ìgbéga wa.

Nínú eré wa, ẹni tí idà bá kàn ló máa ń nawọ́ fúnra rẹ̀, kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀. Èmi àti òun la pàdé ní àṣekágbá. A ta ọ̀mì títí ó fi ku póìǹtì kan. Idà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò kàn mí rárá. Mo nawọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, àtàwọn tó rí i dáadáa. Ó dì mọ́ mi, òógùn rẹ̀ kàn mí lẹ́nu. Mo ti fọ ẹnu láìmọye ìgbà, kò lọ. Bí wọ́n bá pè mí ní Méjọ̀, ńṣe ló ń rí mi lára.

Mo gbọ́ oríkì tí ẹ fi ohùn yín kì ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà. Mi ò tíì lè tún un gbọ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Safiyat, ẹ kí gbogbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ kì mí, ẹ pè mí ní Àkànbí nìkan. Ẹ fi “ìjàkadì lorò Ọ̀fà” sílẹ̀ fún ẹni tó bá jà.

Ọmọ yín,
Rídwàn