Afárá Ìlú Warsame

Màámi,

Ara mi le koko. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú ní Sharjah yìí: Warsame, ará Sòmálíà tí a jọ ń gbé yàrá. Ojoojúmọ́ ló ń fi Doolow, ìlú rẹ̀, yangàn. Kí ló wà níbẹ̀? Ewúrẹ́, eruku, àti odò tí omi rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀! Ó ní Ethiopia ló wà lódìkejì odò, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun ń gbé. Tí oúnjẹ bá ti jinná níbẹ̀, òun á kàn gba orí afárá lọ jẹun, ẹnikẹ́ni ò ní bi òun ní visa. Wàllàhí, ṣé ìlú nìyẹn? Ìlú gidi ni ibí: èèyàn ò gbọ́dọ̀ rìn láìní káàdì.

Ọ̀rọ̀ visa tèmi ti ń lójú, ẹ má dààmú. Mi ò tíì jáde láti ọjọ́ Iléyá, torí ooru.

Ọkùnrin yìí tún ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ ìrẹsì! Gbogbo ìgbà tó bá ra tèmi wálé ni mo máa ń yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Ẹ bá mi kí Mùlíkàt. Warsame náà ń kí yín. Ó ní ká jọ lọ sí Doolow. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, kí n tó bi í bí afárá náà ṣe gùn tó.

Àmúsà yín.