Yunifásítì Tó Wà Létí Òkun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ilé yín ti sú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ báyìí, pàápàá bàbá tí kò sí láyé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní gbà mí nímọ̀ràn. Gbogbo Ṣakí ló ti gbà mí nímọ̀ràn tán.

Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, èsì ìdánwò mi sì dára. Ó ku kí n mú yunifásítì tí mo fẹ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kà kò ṣòroó mọ̀: ìmọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ta ló máa ń la inú ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní àárọ̀ Sátidé, tó ń pè mí kí n wá wo ohun tí ẹja náà jẹ kó tó kú? Màámi á ní kí ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, pé àwọn aládùúgbò ń wo ọkùnrin tó ń la ẹja. Ẹ ó kàn fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí edé kan tí kò tíì dà nínú ẹja, ẹ ó wá wò mí bíi pé góòlù lẹ fún mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkun kò sí ní Òkè-Ògùn. Gbogbo yunifásítì tí mo fẹ́ ló jìnnà. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ Oǹdó, ọ̀kan wà ní Kàlàbá. Àǹtí tó kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì bá mi yẹ gbogbo wọn wò lórí fóònù wọn, Kàlàbá ló sì wù wọ́n jù. Bí Bàbá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n yín, ṣe gbọ́ Kàlàbá, wọ́n ní ọkọ ọ̀hún ni mà á fẹ́, pé àwọn ò ní rí mi mọ́ àfi lórí fóònù. Wọ́n ní ẹja náà ni ẹja ń jẹ́, kí n lọ kọ́ ẹja sísìn nítòsí, kí n wá gbẹ́ kòtò ẹja sẹ́yìnkùlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹja sísìn ọ̀tọ̀, òkun ọ̀tọ̀. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n mi orí, wọ́n wá bi mí bóyá kòtò kan á tó àbí méjì.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ọlọ́kadà tó gbé mi ti ọjà bọ̀ ní kí n lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Lèmọ́mù àdúgbò ní kí n ka òfin. Ẹ̀gbọ́n Màámi tó wà ní Ìsẹ́yìn pè wá láti sọ pé ọmọ ẹnìkan tí àwọn mọ̀ ka nǹkan tó jọ ọ́, kò ríṣẹ́, aṣọ òkè ló ń hun báyìí. Mo bi wọ́n pé kí ló burú nínú aṣọ òkè híhun. Wọ́n ní mo ń yájú.

Ti Màámi ló wá le jù. Bí mo bá ti dárúkọ yunifásítì kan, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n á bèèrè ni bí omi ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tí mà á máa sùn. Bí mo bá dáhùn, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Mo mọ ìdí. Láti ìgbà tí odò ti gbé yín lọ, wọn ò gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ ò dúró lọ́jọ́ náà? Mo máa ń bi yín nígbàkúùgbà tí òjò bá ń rọ̀. Àwọn tó wà létí odò sọ fún wa pé àwọn bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí omi fà. Ẹ ní àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní ìdánwò ní ilé ìwé lódìkejì odò, ẹ ní ẹ mọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ omi, ẹ sì gbé ọ̀kadà yín wọ inú rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́! Bí a ṣe jọ gbé pẹ́ tó, mi ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ìgbà tí ẹ kú ni mo tó gbọ́. Ta lẹ rò pé á máa la inú ẹja fún mi? Ó ṣì ń bí mi nínú. Ẹ má bínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Bàbá Wàsíù pè wá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní àkókò ń lọ, kí á mú ibì kan. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kòtò ẹja. Mo ní bí kò bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ, mi ò lọ síbì kankan. Màámi kò gbé ohùn sókè.

"Odò lásán ló gbé bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Òkun wá ńkọ́?"

Mo fi ìbínú jáde, mo lọ ti ara mi mọ́ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ti wọ hìjáábù wọn, wọ́n ní kí n wọ bàtà, pé odò là ń lọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ dẹ́rù bà mí ni. A gun ọ̀kadà kan náà débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi fà débi pé àwọn òkúta yọ síta. Màámi dúró lórí bèbè, wọ́n di báàgì wọn mú gírígírí, wọ́n ní kí n fi ohun tí mo torí rẹ̀ ń bá gbogbo ayé jà han àwọn.

Mo ká ṣòkòtò, mo wọ inú omi, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ mi lọ. Mo yí òkúta kan, ìgbín omi kéékèèké lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Edé kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta sá sábẹ́ ewé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bù ú pẹ̀lú omi díẹ̀, mo gbé e lọ bá wọn. Mo sọ fún wọn pé irú edé kan wà tó jẹ́ pé inú omi oníyọ̀ ló ti ń dàgbà nígbà tó bá kéré, kó tó máa rìn bọ̀ lókè odò. Màámi tẹjú mọ́ ọn. Mo ń retí ẹkún. Wọ́n bi mí pé kí ló ń jẹ, mo sọ. Wọ́n bi mí pé ibo ló ń kó ẹyin rẹ̀ sí, mo sọ. Wọ́n wá bi mí:

"Nínú gbogbo yunifásítì tí ò ń kà sílẹ̀ yìí, èwo ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

Bàbá mi, mi ò mọ̀. Èmi àti Àǹtí ti wádìí ibi tí mà á máa sùn, a wádìí àwọn olùkọ́ ibẹ̀, a wádìí ọkọ̀ tí mà á wọ̀ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyẹn nínú wa. Mo da edé náà padà sínú omi, mo ní mà á bèèrè.

Àǹtí bá wa pe àwọn yunifásítì náà lórí fóònù níṣojú Màámi. Ibi àkọ́kọ́, wọn ò gbé e. Ibi kejì ní àwọn á pè wá padà, a ṣì ń retí wọn. Ọkùnrin tó gbé e ní Kàlàbá ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan kì í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ àwọn àfi tó bá ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, pé àwọn ló ń kọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pé obìnrin ló sì ń kọ́ àwọn obìnrin. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bí a ṣe mú Kàlàbá nìyẹn, èyí tó jìnnà jù nínú wọn.

Ẹ má rò pé ìnira mi ti tán. Bàbá Wàsíù ti ń sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé àwọn làwọn yan Kàlàbá fún mi. Màámi ní tiwọn ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń rán aṣọ tí mà á fi lúwẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí yunifásítì gbà mí wọlé ná. Wọ́n ní kí n na apá, kí àwọn fi téèpù wọ̀n ọ́n. Lánàá mo rí aṣọ kejì lórí tábìlì, irú kan náà, ó fẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìsẹ́yìn ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, pé bí obìnrin tó ń kọ́ni bá wà níbẹ̀, àwọn náà ò tíì dàgbà jù.

Èmi ni ọmọ yín tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.