Òdòdó Abẹ́ Igi Píà

Sátidé, 10 Jánúárì 2026
Mo ra òdòdó lónìí, lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tà á lẹ́bàá títì l'Áduwawa. Kàmẹ́líà ló pè é. Láti Jos ni wọ́n ti kó o wá. Ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ó ní píńkì ló máa tan. "Madam, e no like sun o. Put am for shade." Ìbòòji ṣáá ló kún ẹ̀yìnkùlé wa — igi píà landlord bo gbogbo rẹ̀.

Nítorí Kékeré, ọmọ mi tuntun, ni mo ṣe rà á. Oṣù kẹwàá ló lọ, ọjọ́ ìkómọ ò tíì pé. Wọ́n ní ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Mo ti béèrè títí. Bàbá Pẹ̀lúmi á ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Sọ́ńdè, 11
Sójà — ìyá ọkọ mi, kó má lọ gbọ́ — gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó, má gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò dáa." Kò wo ojú mi.

Ibẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Mo gba ọkọ́ padà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo gbìn ín sí.

Ọjọ́rú, 14
Mo sùn. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹwàá.

Túsídeè, 20
Pẹ̀lúmi ká mi mọ́ ìdí òdòdó. "Mummy, who you dey follow talk?" Mo ní òdòdó ni. "Flower no get ear." Ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo tún fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó gbóná díẹ̀ — àbí ọwọ́ mi ló gbóná?

Mọ́ńdè, 26
Ọyẹ́ ti lọ, ooru dé. Ìrudi mẹ́ta ti já bọ́ láì tanná. Sójà ló ń bu omi ìfọrẹsì sí i. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o.

Fráídè, 30
Ọ̀kan tan. Píńkì, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Sátidé, 7 Fẹ́búárì
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún. Landlord mú àwọn tó ń gbẹ́ sókàwéè wá, abẹ́ igi píà ni wọ́n sì lọ tààrà. Mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mò ń pariwo pé kí wọ́n má hú ọmọ mi jáde.

Kọnkéré ni wọ́n kàn. Ìdérí ihò ìdọ̀tí. Ìdí tí ilẹ̀ ibẹ̀ ò fi dáa nìyẹn.

Bàbá Pẹ̀lúmi dì mí mú. "Kò sí níbẹ̀, Ìyá Pẹ̀lúmi. Ọsibítù la fi í sílẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn á bá wa sin ín. Èmi gan-an ò mọ ibẹ̀."

Sójà wá jókòó tì mí nílẹ̀. Ó ní òun ti mọ ohun tí mo rò, ó ti pẹ́. "O ti ń sùn, ọmọ mi. Kí ni kí n wá sọ?"

Òdòdó wà nílẹ̀, gbòǹgbò síta. Sójà gbé e lé itan. Ó bi mí, níbo ká tún un gbìn sí?

Mo ní ibikíbi.