Àsíá Bàbá Wa Tó Bá Ẹrù Lọ

                                        Ilé Kejì, Òpópónà Birch,
                                        Watertown, New York.
                                        Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Corinne,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Tucker kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Èmi wà bí mo ṣe máa ń wà: mo lẹ́wà, mo lágbára, mi ò níṣẹ́. Òtútù ibí fẹ́ pa èèyàn, àmọ́ òtútù kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Inú ló ń bí mi, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ rántí pé nígbà tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà gbé Sájẹ́ǹtì Pruitt, ọkọ tí Màámi fẹ́ gbẹ̀yìn yìí, kúrò ní Killeen, ní Texas, wá síbí, ẹ pè mí. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí àsíá táwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ ẹ̀ fi bo pósí Bàbá wa wọ tírélà àwọn akóẹrù. Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Mo lè má parí ìwé, àmọ́ tó bá di ká ṣọ́ nǹkan, kò sẹ́ni tó tó mi.

Inú balùwẹ̀ la kó gbogbo nǹkan iyebíye sí, bí gbogbo ìyàwó ṣọ́jà ṣe ń ṣe: wúrà Màámi, ìbọn Pruitt, kọ̀ǹpútà, ìwé ìbí, àti àsíá Bàbá nínú àpótí onígíláàsì ẹ̀. A lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé kẹ́nikẹ́ni má wọlé, torí ohun tó bá wà níbẹ̀, mọ́tò tiwa ló ń bá lọ. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó bí ọba. Ẹ mọ báwọn akóẹrù yẹn ṣe ń ṣe, ohun tọ́wọ́ wọn bá ti bà ni wọ́n ń dì. Ọ̀kan nínú wọn, tó ga bí òpó iná, ní òun fẹ́ tọ̀. Mo ní kó lọ tọ̀ nílé aládùúgbò. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé wúrà ìjọba lò ń ṣọ́ ni?" Mo ní, "Tó bá jẹ́ tìjọba ni, ǹ bá ti jẹ́ kó o jí i."

Kò sẹ́ni tó gba iwájú mi kọjá àfi Màámi. Ó ní òun fẹ́ mú oògùn Kaylee, ọmọ tuntun wọn. Ó gbé agbọ̀n aṣọ wọlé, ó tún gbé e jáde. Ṣé kí n wá máa yẹ agbọ̀n ìyá mi wò ni? Bí ikú ilé ò bá pani, ẹ̀gbọ́n mi, tòde ò lè pani.

Nígbà tá a débí, mo tú mọ́tò títí, mi ò rí àsíá. Mo bi Màámi. Ó ní òun fi aṣọ tábìlì wé e, òun sì gbé e fáwọn akóẹrù. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Dwight, Pruitt ló ń wakọ̀. Ṣé kí n gbé àsíá ọkọ mi àkọ́kọ́ lé itan lójú ẹ̀, láti Texas títí débí?"

Mo lọ bá Pruitt. Ó ní ká ní wọ́n bi òun ni, iwájú mọ́tò lòun ìbá gbé e sí. Ẹ ò rí nǹkan? Kò sẹ́ni tó bi í.

Tírélà wá dé. Ṣé ẹ mọ ohun tó dé láìfọ́, láìya? Garawa ìdọ̀tí ilé ìdáná. Wọ́n fi bébà funfun wé e bí ẹni wé ẹyin, pẹ̀lú ìlédìí tí Kaylee ti ṣu sí nínú ẹ̀. Ìgbẹ́ gúnlẹ̀ sí New York láyọ̀ àti àlàáfíà. Àsíá Bàbá ò dé. Àwọn akóẹrù ní kí Màámi sọ iye tó jẹ́ lórí fóònù, káwọn lè san án. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ ń fọ abọ́ tó mọ́.

Pruitt lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù báráàkì. Ó ká a ní igun mẹ́ta, ó gún régé, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó jọ ti Bàbá. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, torí eléyìí ò bo ẹnikẹ́ni rí.

Lánàá ni Màámi pè mí. Ó ní ẹ ti ń bọ̀ wá jẹ tòlótòló lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ìparí oṣù yìí, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ máa ń gbé àsíá yẹn sétí, ẹ ó mì í, kẹ́ ẹ lè gbọ́ èèpo ọta mẹ́ta tí wọ́n fi sínú ẹ̀, ti ìbọn tí wọ́n yìn níbi ìsìnkú. Ó ní kí n bá òun ṣa mẹ́ta wá níbi tí Pruitt ti ń yìnbọn. Ó ní, "Corinne ò ní mọ̀. Jẹ́ kọ́kàn ẹ̀ balẹ̀."

Mo ní mi ò ṣe. Ó sunkún. Mi ò ṣe náà ni.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ má pè é kẹ́ ẹ bú u o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ nítorí ẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mì í, tó sì dún, kì í ṣe èmi ni mo fi èèpo ọta síbẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ sọ fún Tucker pé àbúrò ìyá ẹ̀ tó rẹwà jù ń kí i.

Èmi ni tiyín, tí ò ní parọ́ fún yín,
Dwight.